Òdòdó Púpọ̀, Èso Díẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ọdún Mẹ́ta Lórí Gloriosa Tí Mo Gbìn Sínú Ọgbà

Ní òpin àsìkò àkọ́kọ́ tí mo gbin Gloriosa superba, mo ka èso tó so, mẹ́rin péré ni. Kì í ṣe pé kò tanná. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ilẹ̀ náà fi pọ́n bí ìgbà tí ènìyàn dáná sí i, tí àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó, tí èmi náà sì ti ń fi ọkàn ṣírò irúgbìn tí n óò kó. Nítorí irúgbìn ni mo ṣe gbìn ín, òdòdó nìkan ni mo rí. Ohun tó fa àìsoèso yìí, bí mo ṣe wádìí rẹ̀, ohun tí mo yí padà ní ọdún kejì, àti àṣìṣe mìíràn tó jẹ díẹ̀ nínú èrè ọdún kẹta ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín, kí ẹlòmíràn tó bá fẹ́ mú ewéko igbó yìí wọ inú oko má baà pàdánù ọdún kan gbáko kó tó mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí.

Ìtàkùn ni Gloriosa. Ó ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ ní etí igbó àti láàrin ìgbẹ́ káàkiri ilẹ̀ olóoru Áfíríkà àti Éṣíà. Iṣu abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró, nítorí pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo ohun tó wà lókè ilẹ̀ a gbẹ, a kú, títí òjò yóò fi tún rọ̀ tí èéhù tuntun yóò yọ jáde. Ohun tó sọ ọ́ di ewéko oògùn ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní colchicine, tó wà nínú iṣu rẹ̀, ewé rẹ̀, òdòdó rẹ̀ àti irúgbìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, ni wọ́n kọ́kọ́ yọ èròjà náà jáde ní ọdún 1820 láti ara Colchicum, ewéko ilẹ̀ tútù kan tó jẹ́ ìbátan Gloriosa. Òun ni àwọn dókítà fi ń tọ́jú gout, àìsàn tí í mú kí oríkèé ẹsẹ̀ wú kó sì máa jó ènìyàn bí iná, wọ́n sì tún ń lò ó fún irú ibà àjogúnbá kan tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà. Irúgbìn Gloriosa ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ apòògùn ń rà láti yọ ọ́. Ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà, níbi tí òdòdó yìí ti jẹ́ òdòdó ìpínlẹ̀, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Dindigul àti Karur ti ń gbìn ín ní oko ńláńlá, tí irúgbìn rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń tà.

Ìdí tí mo fi yan irúgbìn dípò iṣu kò ṣòroó yé. Ẹni tó bá wú iṣu Gloriosa nínú igbó ti pa á, kò sí ohun tí yóò hù níbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ká irúgbìn rẹ̀ fi ìyá sílẹ̀ láàyè. Bí a bá fẹ́ kí àwọn tó ń wá oògùn dẹ́kun wíwú u nínú igbó, a gbọ́dọ̀ lè mú un so èso dáadáa nínú oko, ìdí nìyí tí èso mẹ́rin yẹn fi dùn mí ju bí ó ti yẹ kí ohun kékeré dun ènìyàn lọ.

Ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ kí òdòdó tó yọ rárá. Èbù 24 ni mo rà. Iṣu Gloriosa kì í ṣe róbótó. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó nípọn bí ìka ọwọ́, ó sì pínyà sí apá méjì bí igi ìdí kànnàkànnà. Ní ṣóńṣó apá kọ̀ọ̀kan ni ojú èéhù kan ṣoṣo wà, ó kéré, ó funfun, ó sì rọ̀ débi pé bí èékánná bá kàn án gidi, ó ti yẹ̀. Kò sí ojú mìíràn ní gbogbo ara iṣu náà. Iṣu tí a mọ̀ lóko, bí a bá gé e sí wẹ́wẹ́, èyí tí èèpo bá wà lára rẹ̀ lè hù níbikíbi. Ti Gloriosa kò rí bẹ́ẹ̀, apá tí ṣóńṣó rẹ̀ bá ti kán kò ní hù mọ́ láé, bó ti wù kí ìyókù ara rẹ̀ tóbi tó. Èmi kò mọ èyí nígbà náà. Mo sin àwọn èbù náà, mo dúró dè wọ́n, 15 hù. Nígbà tí mo hú mẹ́sàn-án tó kù láti wò wọ́n, wọ́n ṣì le, wọ́n ṣì tutù, ṣùgbọ́n kò sí ṣóńṣó kankan lára wọn. Wọ́n ti kán nínú àpò kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí pé ẹni tó tà wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn láìfi nǹkan kan tẹ́ ẹ láàrin. Láti ìgbà náà, ojú èéhù ni mo máa ń wò kí n tó wo ìtóbi, koríko gbígbẹ ni mo sì ń fi ya iṣu kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn bí mo bá fẹ́ gbé wọn.

Ilẹ̀ kò fún mi ní wàhálà púpọ̀. Iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀, omi kì í dúró lórí rẹ̀, mo sì da ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn. Mo tẹ́ èbù ní ìdùbúlẹ̀ sínú kòtò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà méje, mo sì bò ó. Ibi tí mo ti tún ṣìṣe ni ọ̀pá. Mo rí i pé ìtàkùn ni, mo sì ri òpó igi sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, òpó tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, nítorí mo rò pé ohun tó bá lágbára ni yóò lè gbé e. Ṣùgbọ́n Gloriosa kì í lọ́ ara rẹ̀ mọ́ igi bí iṣu ti ń ṣe. Ewé rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀: ṣóńṣó ewé kọ̀ọ̀kan gùn, ó tín-ín-rín bí okùn òwú, bí ó bá sì kan ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́, a ká mọ́ ọn ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, a sì dì í mú ṣinṣin. Òpó tí mo rì nípọn ju ohun tí ṣóńṣó ewé lè ká mọ́ lọ. Àwọn ìtàkùn náà na ọwọ́, wọn kò rí ohun dì mú, wọ́n sì wó lulẹ̀ lé ara wọn lórí. Nínú igbó, ẹ̀ka igi wẹ́ẹ́rẹ́ àti koríko gíga ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún un. Ilẹ̀ tí mo ro mọ́ tónítóní kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Síbẹ̀ wọ́n tanná. Kí oṣù kẹta tó pé ni òdòdó àkọ́kọ́ ti là. Ẹni tí kò bá tíì rí i nítòsí yóò rò pé wọ́n dorí rẹ̀ kodò ni: ó tẹrí ba sí ilẹ̀, àwọn abala rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ká padà sókè bí ọwọ́ iná, etí wọn rí wínníwínní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àwọ̀ ewé, wọ́n di ọsàn ní ìdí àti pupa ní òkè, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pọ́n kó tó rọ. Òpó akọ mẹ́fà nà yíká lábẹ́ rẹ̀ bí egungun agbòjò, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé àpò lẹ́búlẹ́bú kan, ìyẹ̀fun tí abo nílò kó tó lè so èso, sí orí. Òpó abo wà láàrin, kò sì nà tààrà sísàlẹ̀. Láti ìdí rẹ̀ ló ti ṣẹ́ kọrọ̀, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí rẹ̀ sì jáde kúrò láàrin àwọn òpó akọ.

Ọ̀rọ̀ wà nínú kọrọ̀ yẹn, àmọ́ mo wò ó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó yé mi. Ẹni tó ta èbù fún mi ti sọ pé mi ò ní ṣe nǹkan kan, pé bí ó bá ti tanná yóò so fúnra rẹ̀. Nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ tí kò sí èso lẹ́yìn wọn, ajílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà omi, lẹ́yìn náà oòrùn. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko bu omi sí i láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò yí nǹkan kan padà. Ìgbà tí mo jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ni mo tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀: kò sí ohun tó ń bọ̀ wá sí orí rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú akọ kò lè já bọ́ sórí abo, nítorí abo ti yà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ gbé e kọjá. Nínú igbó, labalábá ńlá àti àwọn ẹyẹ kékeré tí ń fa oyin òdòdó ló ń ṣe é, tí wọ́n fi apá tàbí àyà gba lẹ́búlẹ́bú lára òdòdó kan kí wọ́n tó fi kan abo èkejì. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, labalábá méjì péré ni mo kà, ọ̀kan kò sì bà lé e rárá. Mo ti ṣán gbogbo igbó etí ọgbà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kí ilẹ̀ lè mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi lé àwọn alágbàṣe òdòdó náà lọ.

Ní ọdún kejì mo yí nǹkan mẹ́ta padà. Mo fi igbó etí ọgbà ní ìhà kan sílẹ̀ kó hù padà. Mo mú òpó nípọn kúrò, mo la ọparun sí wẹ́wẹ́, mo ri wọ́n, mo sì na wáyà tín-ín-rín láàrin wọn ní ìpele mẹ́rin láti ìdí dé òkè, kí ṣóńṣó ewé lè rí ohun dì mú níbikíbi tó bá nà dé. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé mo fi ọwọ́ ara mi ṣe iṣẹ́ labalábá, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ Tamil Nadu ti ń ṣe é.

Mo hú èbù 19 láti inú ilẹ̀ ọdún àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló sì ní ojú èéhù. (Iṣu tí a gbìn kì í dúró. Ó máa ń fún ìtàkùn jẹ títí yóò fi rọ bí àpò òfo, tuntun a sì dípò rẹ̀ nínú ilẹ̀ kan náà.) Mẹ́rin nínú wọn ni mo gbìn sí poro kan lọ́tọ̀, mo sì fi ìpinnu ṣe é pé n kò ní fọwọ́ kan òdòdó wọn, kí n lè mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ló ṣiṣẹ́ tàbí ọdún ló yàtọ̀. Àwọn 15 yòókù ni mo tọ́jú lójoojúmọ́.

Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyí. Láàrin aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá òwúrọ̀, nígbà tí ìrì ti gbẹ tí oòrùn kò sì tíì le, mo máa ń wá òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní ọjọ́ náà tàbí ní àná. Mo máa ń fi ẹ̀mú kékeré já orí òpó akọ kan tí àpò rẹ̀ ti là, èyí tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ bá mọ́ ìka bí àtíkè bí a bá fọwọ́ kàn án, n óò gbé e lọ sí orí ìtàkùn mìíràn, n óò sì fi rọra pa orí abo rẹ̀. Orí abo náà pín sí mẹ́ta, mo sì máa ń rí i dájú pé mo kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí yàrá mẹ́ta ni èso náà ní, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀kankan ṣófo. Lẹ́yìn èyí ni n óò so òwú funfun mọ́ ọrùn òdòdó náà, kí n má baà padà wá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Kò le, ṣùgbọ́n kò gba ìkánjú: ọrùn òdòdó náà gbẹgẹ́, mo sì ṣẹ́ tó bíi mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kí ọwọ́ mi tó mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, n kò ní jáde rárá, nítorí lẹ́búlẹ́bú tó tutù máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn, kì í ràn.

Òdòdó 130 ni mo so òwú mọ́. Nínú wọn, 88 di èso. Ní poro tí n kò fọwọ́ kàn, òdòdó 31 là, èso méjì péré ló jáde. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ kékeré ni, pé ọdún kan kò tó láti fi ṣe òfin, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàrin poro méjèèjì kò jẹ́ kí n tún wò ẹ̀yìn sí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ mọ́.

Ìkórè fẹ́ sùúrù. Láti ìgbà gbígbìn, ó tó oṣù márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà kí èso tó gbó. Bí a bá ká a nígbà tó ṣì tutù, irúgbìn inú rẹ̀ yóò sún kì. Bí a bá sì dúró jù, èso náà yóò là fúnra rẹ̀, irúgbìn yóò sì dà sílẹ̀ káàkiri. Àmì tí mo ń wò ni pé àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ṣí, èèpo rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ. Mo ká wọn, mo tẹ́ wọn sí ibòji fún bí ọ̀sẹ̀ kan títí wọ́n fi là, irúgbìn inú wọn sì jáde ní àwọ̀ osùn, wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀ ní yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ibí yìí ni mo gbọ́dọ̀ ti dúró lórí ọ̀rọ̀ májèlé, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa ṣì ń dẹ́rù bà mí. Ní ọjọ́ tí mo hú èbù lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, mo kó wọn sínú agbọ̀n, mo fi wọ́n sí ìdí ògiri ẹ̀yìn ilé, mo sì lọ wẹ ọwọ́. Àbúrò mi tó wá kí mi ti dé ìdí agbọ̀n náà, ó mú ọ̀kan lọ́wọ́, ó sì ń fi ìka họ ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, irú iṣu wo lẹ kó síbí? Ṣé kí n bó díẹ̀ nínú rẹ̀?"

"Gbé e sílẹ̀! Má fi ọwọ́ yẹn kan ẹnu, lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ wàyí."

Mo pariwo mọ́ ọn jù, mo sì bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Iṣu náà jọ iṣu, ó sì jọ ànàmọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, èyí ló sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Sri Lanka àti Íńdíà tí wọ́n sè é jẹ. Láàrin wákàtí díẹ̀ tí ènìyàn bá jẹ ẹ́, ẹnu àti ọ̀fun a máa ta, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru a tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kíndìnrín, ọkàn àti mùdùnmúdùn eegun lè bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó bá sì là á já, irun orí rẹ̀ sábà máa ń re ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn náà. Kò sí oògùn apa-májèlé tó wọ́pọ̀ fún un ní ilé ìwòsàn. Ààlà tó wà láàrin ìwọ̀n colchicine tó ń wòsàn àti èyí tó ń pani kò fẹ̀ rárá, ojú lásán kò sì lè mọ ìwọ̀n tó wà nínú irúgbìn kan. Ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́. Nítorí náà, n kò fi apá kankan lára Gloriosa ṣe àgbo, n kò sì fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, bó ti wù kí oríkèé máa ro ó tó. Mo ń wọ ìbọ̀wọ́ bí mo bá ń hú u. Inú àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni èbù àti irúgbìn ń gbé, wọn kì í sì í wọ inú ilé tí oúnjẹ wà.

Lẹ́yìn ìkórè ọdún kejì ni mo ṣe àṣìṣe tó kàn. Ewé ìtàkùn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, igi rẹ̀ ń gbẹ, mo sì rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bu omi sí i. Bẹ́ẹ̀, oorun ló fẹ́ sùn. Iṣu Gloriosa gbọ́dọ̀ sinmi fún oṣù mélòó kan nínú ilẹ̀ gbígbẹ kó tó lè tún hù, omi tí ó bá sì kàn án lásìkò náà kò ní ibi tí yóò gbà á sí. Nígbà tí mo gbẹ́ ilẹ̀, mẹ́fà nínú wọn ti jẹrà, wọ́n rọ̀, wọ́n ń rùn, èèpo wọn sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àwọn tó wà ní apá tó ga ní ilẹ̀ náà, níbi tí omi ti ń ṣàn kúrò, ni kò ní nǹkan kan.

Ọdún kẹta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èbù tó kéré sí ohun tí mo rò, ṣùgbọ́n èso wọn pọ̀ níwọ̀n bí òdòdó wọn ti tó, nítorí n kò fi òwúrọ̀ kankan tó gbẹ ṣòfò. Nígbà tí ewé tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo gbé garawa omi kúrò lọ́gbà pátápátá, mo fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, mo sì ri pátákó sí i pé májèlé wà nísàlẹ̀.

Irúgbìn inú èso mẹ́rin ọdún àkọ́kọ́ ni mo gbìn sí ẹ̀bá ibẹ̀. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó hù, ó sì máa ń gba ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí èyí tí a fi irúgbìn gbìn tó lè tanná. Ní àsìkò tó kọjá yìí, èyí tó ga jù nínú wọn dé orúnkún mi, ó ní ewé mẹ́sàn-án, méjì nínú ṣóńṣó ewé náà sì ti ká mọ́ wáyà tí mo nà fún un.